Sìkóòpù àpò DSO Nano: ojú rẹ̀ di funfun lẹ́yìn tí mo yí firmware rẹ̀ padà, ó sì ń ka fóòtì ní ìdajì

Alátùnṣe Arákálé (Àkúrẹ́):

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ títún ìnfátà àti ṣájà ṣe ni mò ń ṣe ní ojú ọ̀nà Arákálé níbí ní Àkúrẹ́, ó sì di ọdún mẹ́fà báyìí tí mo ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Mítà nìkan ni mo ti ń lò láti ìgbà náà. Ohun tó ń dùn mí nípa mítà ni pé iye fóòtì nìkan ló ń sọ. Kò lè fi hàn mí bí iná ṣe ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àìsàn ìnfátà kò sí nínú iye fóòtì rárá, inú bí ìgbì iná náà ṣe rí ló fara pamọ́ sí.

Ní oṣù tó kọjá mo ra sìkóòpù àpò kan (ẹ̀rọ tó ń ya bí ìgbì iná ṣe rí sójú) tí ẹlòmíràn ti lò, èyí tí wọ́n ń pè ní DSO Nano, ti àkọ́kọ́ gan-an tí Seeed Studio ti ìlú Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà ń tà ní nǹkan bí ọdún 2010. Kò tóbi ju fóònù kékeré lọ, ihò bíi ti íápíìsì ni póróòbù rẹ̀, okùn tí a fi ń kan ibi tí a fẹ́ yẹ̀ wò, sì ń wọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo gbé bátìrì 9 fóòtì kan sí i. Mítà mi ka 9.2, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí ka 4.8. Mo gbé bátìrì ọ̀kadà, mítà ka 12.6, ẹ̀rọ náà sì ka 6.6. Póróòbù tí mo lò ni èyí tí ọ̀gá mi fún mi láti ara sìkóòpù ńlá rẹ̀ àtijọ́, tó ní bọ́tìnnì x1 (tó ń jẹ́ kí iná wọlé bó ṣe rí) àti x10 (tó ń dín in kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá) lára. Mo fi lẹ́ẹ̀dì jó ẹnu íápíìsì mọ́ okùn rẹ̀, mo gbé e sí x10, mo sì yan x10 nínú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú kí àwọn méjèèjì lè bára mu.

Ẹni tó tà á fún mi sọ pé firmware rẹ̀, ìyẹn ètò inú rẹ̀ tó ń darí rẹ̀, ló ti gbó, pé bí mo bá fi tuntun sí i, yóò ka ohun tó tọ́. Mo wá fáìlì tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì rí méjì: orúkọ ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LIB, ti èkejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú APP. Mo rò pé APP ni iṣẹ́ gan-an, pé LIB kò pọn dandan. Mo fi DFU File Manager yí fáìlì hex náà padà sí dfu, mo pa ẹ̀rọ, mo di bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ mú, mo tan án, ó sì kọ ọ́ sójú pé òun ti wọ ipò DFU, ìyẹn ipò tó ti ń gba firmware tuntun. Kọ̀ǹpútà mi, tó ń lo Windows 10, kò kọ́kọ́ dá a mọ̀, àfìgbà tí mo wọ inú Device Manager tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ka sí ibi tí dráífà rẹ̀ wà. Mo tẹ Upgrade nínú DfuSe, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń gbé fáìlì wọ inú ẹ̀rọ, ó dé 100%, mo yọ okùn USB. Nígbà tí mo wá tan ẹ̀rọ náà, ojú rẹ̀ funfun báláú, kò sí ìlà kan, kò sí ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ̀rọ yìí ti kú ni? Bí kò bá kú, ṣé firmware tuntun yóò wo ìdajì fóòtì tó ń kà yẹn sàn? Báwo ni mo sì ṣe lè dán an wò tí ọkàn mi yóò fi balẹ̀ pé ohun tó bá sọ fún mi lórí iṣẹ́ oníbàárà, òótọ́ ni?

Oníṣẹ́ Iná, Oǹdó:

Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ rẹ kò kú. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń wọ ipò DFU nígbà tí o bá di bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ mú, apá tó ń gba firmware tuntun wà láàyè, APP tí o gbé sí i kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí inú rẹ̀ ṣe rí, nítorí ẹni tó bá mọ ilé kì í ṣìnà nínú rẹ̀. Áísì ńlá tó wà níbẹ̀ ni STM32F103, ìrántí tó ní fún ètò sì jẹ́ 128 KB. Wọ́n pín ìrántí yìí sí yàrá mẹ́ta. Yàrá àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 0x08000000, ó gba 16 KB, ibẹ̀ ni ètò DFU ń gbé. Yàrá kejì bẹ̀rẹ̀ láti 0x08004000, ó gba 32 KB, LIB ló wà níbẹ̀. Yàrá kẹta bẹ̀rẹ̀ láti 0x0800C000, ó sì gba 80 KB tó kù, òun ni ti APP. LIB ló mọ bí a ṣe ń bá ojú ẹ̀rọ, bọ́tìnnì àti mẹ́mórì káàdì sọ̀rọ̀, APP sì ń rán an níṣẹ́ ni. Bí o bá mú APP tuntun wá bá LIB àtijọ́, ilẹ̀kùn tí kò sí lára ilé náà ni APP yóò máa kàn. Ìdí nìyẹn tí ojú ẹ̀rọ fi funfun: kò sí ẹni tó dá a lóhùn. LIB àti APP tí wọ́n jọ jáde ní ẹ̀dà kan náà ni kí o gbé sí i, LIB ṣáájú, APP tẹ̀lé e, kí o sì tẹ Verify lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí o tó yọ okùn.

Kí o tó yí fáìlì hex kankan padà, fi Notepad ṣí i. Ìlà àkọ́kọ́ yóò sábà jẹ́ :020000040800F2, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tó ń bọ̀ wà ní agbègbè 0x0800. Wá wo ìlà kejì dáadáa. Ti LIB yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú :104000, ti APP yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú :10C000. Bí o bá rí :100000 níbẹ̀, ká ọwọ́ kúrò, nítorí yàrá àkọ́kọ́ ni fáìlì náà ń lọ. Bí yàrá àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, okùn USB kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́ mọ́. Ètò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe áísì náà sin sínú STM32F103 kò mọ USB, okùn síríà nìkan ló mọ̀. Wàá ní láti tú ẹ̀rọ, kí o gbé ẹsẹ̀ BOOT0 sókè sí 3.3 fóòtì, kí o sì jó wáyà tó rí bí irun mọ́ ẹsẹ̀ PA9 àti PA10, tàbí kí o lo ST-Link, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń kọ ètò sínú áísì, lórí ẹsẹ̀ PA13 àti PA14. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan rí, gíláàsì tí wọ́n fi ń tún aago ṣe ni mo dè mọ́ ojú, ó sì gbà mí láti ìdájí títí di ọ̀sán. N kò gbàdúrà kí ó kàn ọ́.

Rí i pé bátìrì sìkóòpù náà kún, kí ti kọ̀ǹpútà rẹ náà sì lè gbé e fún wákàtí kan, nítorí ìwọ náà mọ Nẹ́pà tiwa. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, má ṣe jáyà: padà di bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ mú, kí o bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ti ìdajì fóòtì yẹn, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. N kò gbà pé firmware ló fà á. Ohun tó bá ń ka ìdajì gẹ́lẹ́ lórí bátìrì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a máa ń wá a lára wáyà ni. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó mọ ìṣirò rẹ̀ jù mí lọ.

Olùkọ́ Físíìsì, Àkúrẹ́:

Ẹ kú àlàyé o, ọ̀gá Oǹdó. Mo bá yín mú un láti ibi tí ẹ fi sí.

Alátùnṣe, ẹ̀yin fúnra yín ti kọ ìdáhùn síbẹ̀ láìmọ̀: póróòbù ọ̀gá yín ni. Wọ́n ṣe póróòbù x10 fún sìkóòpù ńlá tí ìdènà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ 1 MΩ (ìyẹn 1,000 kΩ). Rẹsísítọ̀ 9 MΩ ló wà nínú póróòbù náà, nítorí náà bí iná bá dé, apá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá yóò kú sínú póróòbù, apá kan yóò dé inú sìkóòpù, sìkóòpù yóò sì fi mẹ́wàá sọ ọ́ di púpọ̀. Ṣùgbọ́n ti DSO Nano kò tó 1 MΩ. Ohun tí wọ́n kọ sí ìwé rẹ̀ ni pé ó ju 500 kΩ lọ. Bí a bá ro ó sí nǹkan bí 500 kΩ, apá kan nínú mọ́kàndínlógún ni yóò dé inú rẹ̀, kì í ṣe apá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ̀rọ náà kò mọ èyí, ó ṣì ń fi mẹ́wàá sọ ọ́ di púpọ̀, ó sì ń sọ fún yín ní nǹkan bí ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye tiyín gan-an ṣe é. 9.2 tí a pín sí ọ̀nà 4.8 jẹ́ 1.917, ìyẹn ni pé iná náà kéré ní ìlọ́po 19.17 kí ó tó dé inú ẹ̀rọ. Ẹ yọ 1 kúrò, ó ku 18.17. Ẹ fi pín 9 MΩ, yóò fún yín ní nǹkan bí 495 kΩ. Ẹ ṣe ti bátìrì ọ̀kadà náà: 12.6 sí 6.6, yóò fún yín ní nǹkan bí 498 kΩ. Bátìrì méjì, ẹ̀rí kan náà. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo ṣe ìṣirò yìí, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ènìyàn máa ń rí àṣìṣe tó mọ́ tó báyìí. Kò sí firmware tó lè yí rẹsísítọ̀ tó wà lórí bọ́ọ̀dù padà. Firmware tó dára lè mú kí ìgbì dúró sójú kan kí ẹ lè rí i, ó lè ṣe ìwọ̀n tó pọ̀ sí i fún yín, ó sì lè mú kí bọ́tìnnì máa yára dáhùn, ìyẹn sì tó ìdí láti fi í sí i.

Ẹ gbé bọ́tìnnì ara póróòbù sí x1, kí ẹ sì yan x1 nínú ẹ̀rọ pẹ̀lú. Ní x1, 9 MΩ yẹn kò sí lójú ọ̀nà mọ́, ẹ ó sì rí 9.2 yín tàbí ohun tó sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá nílò x10 gan-an nítorí iná tó ga, ẹ lè fi rẹsísítọ̀ 9.1 MΩ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn láti rí 4.55 MΩ. Pẹ̀lú 500 kΩ ti ẹ̀rọ náà, yóò fún yín ní ìlọ́po 10.1. Iná tó ń rọra yí, bíi 50 Hz (ìgbì 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), nìkan ni kí ẹ lò ó fún, torí ìgbì tó yára yóò sọnù ní igun bí kò bá sí kapásítọ̀ kékeré tó bá a mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lórí bí ẹ ṣe lè dán an wò, ẹ so ẹnu póróòbù pọ̀ mọ́ kíláàpù dúdú rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ wò ó bóyá ìlà náà dúró sórí òdo. Lẹ́yìn èyí ẹ gbé bátìrì méjì tàbí mẹ́ta sí i, kí ẹ máa fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kan tí kò ní kúrò lórí tábìlì. Ẹ̀rọ náà ń ṣe ìgbì ìdánwò fúnra rẹ̀, láti 10 Hz títí dé 1 MHz, ṣùgbọ́n aago kan náà ló ń ṣe ìgbì tó sì ń kà á. Bí aago yẹn bá yára jù, àṣìṣe méjèèjì yóò pa ara wọn rẹ́, ẹ kò sì ní mọ̀. Orísun mìíràn ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá ní Arduino Uno, bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń kọ ètò sínú rẹ̀, ẹ kọ analogWrite(9, 127) sínú rẹ̀: ẹsẹ̀ 9 yóò máa fún yín ní nǹkan bí 490 Hz, ìyẹn ìgbì kan ní 2.04 ms, ẹsẹ̀ 5 yóò sì fún yín ní nǹkan bí 980 Hz. Tiransifọ́mà kékeré tó ń sọ iná ilé di 12 fóòtì tún dára. Ìgbì 50 Hz gba 20 ms, nítorí náà bí ẹ bá gbé e sí 5 ms fún àpótí kan lára àwọn àpótí tí ìlà pín ojú ẹ̀rọ sí, ìgbì kan yóò gba àpótí mẹ́rin gẹ́lẹ́. Góńgó rẹ̀ yóò tó 17 fóòtì, láti góńgó òkè dé ti ìsàlẹ̀ yóò sì tó 34. Bí tiransifọ́mà náà kò bá gbé ẹrù kankan, ó lè fi díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ jù lọ nìyí, nítorí òun ló ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo irú ẹ̀rọ yìí jẹ. DSO Nano kì í wo iná láìṣẹ́jú. Ó ń yọjú wò ó ni, ó sì ń fi ojú kọ̀ọ̀kan tó rí ya ìlà. Nígbà tó bá yára jù lọ, ó ń yọjú ní ìgbà 1,000,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń fa àkókò àpótí gùn, bẹ́ẹ̀ ni ìyọjú náà ń dínkù. Ẹ ro ti ọmọ tó ń sáré yí igi ká nínú eré òṣùpá, tí ẹnìkan sì ń yọjú láti ojú fèrèsé ní gbogbo ìgbà tí ọmọ náà bá padà dé ibi kan náà: onítọ̀hún yóò búra pé ọmọ náà kò kúrò lójú kan. Bí ẹ̀rọ bá ń yọjú ní ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ìgbì tó wà níwájú rẹ̀ sì jẹ́ 9,900 Hz, ìgbì 100 Hz tó mọ́ rekete ni yóò yà fún yín, ẹ ó sì gbà á gbọ́. Nítorí náà, bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ fẹ́ rí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àkókò tó kúrú jù lọ, kí ẹ máa fà á gùn díẹ̀díẹ̀. Ìgbì tó jẹ́ òótọ́ yóò kàn máa sún mọ́ra, kò ní yí iye Hz rẹ̀ padà. Tí ẹ bá ń yẹ ṣájà tó ń ṣiṣẹ́ ní 65 kHz wò, ìyọjú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ẹ ní fún ìgbì kan. Ẹ ó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ kò ní rí etí rẹ̀ dáadáa.

Alátùnṣe Arákálé (Àkúrẹ́):

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ ṣeun, Ọlọ́run yóò máa bá yín gbé iṣẹ́ yín ga. Ẹ̀rọ náà ti jí.

Mo fi Notepad ṣí fáìlì méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá Oǹdó ṣe wí. Mo rí :104000 nínú LIB, mo rí :10C000 nínú APP, mo sì tún rí i pé nọ́ńbà ẹ̀dà tó wà nínú orúkọ wọn bára mu. LIB wọlé láìsí wàhálà. Nígbà tí APP dé nǹkan bí 60%, Nẹ́pà mú iná lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà mi kò sì lágbára mọ́ (mo mọ̀ pé ẹ ti kìlọ̀ fún mi), gbogbo rẹ̀ sì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo di bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ mú, ó tún wọ ipò DFU bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ APP láti ìbẹ̀rẹ̀, mo tẹ Verify, mo pa á, mo tan án. Ìlà àwọ̀ ìyeyè fà kọjá lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta kátíríìjì ní ẹ̀gbẹ́ mi sáré wọlé wá wo ohun tí mo ń pariwo lé.

Ní x1, bátìrì 9 fóòtì ka 9.1 nígbà tí mítà ka 9.2, ti ọ̀kadà sì ka 12.5 nígbà tí mítà ka 12.6. Nígbà tí mo so ẹnu póróòbù mọ́ kíláàpù dúdú, ìlà náà wà lórí òdo. Tiransifọ́mà mi kò gbé ẹrù, mítà ka 13.1, sìkóòpù ka 36.8 láti góńgó dé góńgó. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀, 37 ló yẹ kí ó jẹ́. Ohun kan ló kọ́kọ́ dà mí láàmú: ìgbì kan gba 19.2 ms dípò 20. Mo ti fẹ́ máa dá ẹ̀rọ lẹ́bi kí n tó rántí pé jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́. 19.2 ms jẹ́ 52 Hz, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò gbé ẹrù púpọ̀ sì máa ń sáré bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Nẹ́pà padà dé ní alẹ́, ó di àpótí mẹ́rin gẹ́lẹ́.

Ìbéèrè kan ló kù. Ṣé mo lè gbé póróòbù yìí sí ibi tí 220 ti ń jáde lára ìnfátà?

Onísìkóòpù Ìjàpọ̀ (Àkúrẹ́):

Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn tó ní DSO Quad, èyí tó ní ojú mẹ́rin, má ṣe fi ọ̀nà DfuSe yìí dán tiwọn wò. Tiwa yàtọ̀. Bọ́tìnnì àkọ́kọ́, tó ń dá ìgbì dúró, ni a máa ń dì mú nígbà tí a bá ń tan án, kọ̀ǹpútà yóò sì rí i bí fláàṣì kékeré. A kàn ń da fáìlì hex sínú rẹ̀ ni. Bí ẹ̀rọ bá gbà á, òpin orúkọ fáìlì náà yóò yí padà di RDY. Bí ẹ kò bá rí RDY, kò tíì gbà á. Lórí Linux, kọ̀ǹpútà máa ń fẹ́ kó ọ̀rọ̀ jọ kí ó tó kọ ọ́, èyí sì máa ń da ẹ̀rọ náà rú. Ẹ lo sync nígbà tí ẹ bá ń so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, yóò gbà.

Oníṣẹ́ Iná, Oǹdó:

Àbúrò mi, má ṣe gbé e síbẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́.

Iye tó pọ̀ jù tí ẹ̀rọ náà lè gbà ní x1 ni 80 fóòtì láti góńgó dé góńgó. Iná 220 tí ò ń wí yìí, góńgó rẹ̀ tó 311, láti òkè dé ìsàlẹ̀ sì tó 622. Yóò jó ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ náà kí o tó ṣẹ́jú. Ìyẹn gan-an kọ́ ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Kíláàpù dúdú ara póróòbù ni. Ó so tààrà mọ́ irin ara ibi tí USB ń wọ̀, bí okùn USB bá sì wà lára kọ̀ǹpútà tó ní wáyà ilẹ̀, ibikíbi tí o bá fi kíláàpù dúdú sí, ilẹ̀ ni o so ó mọ́ yẹn. Ọmọ iṣẹ́ mi kan fi kíláàpù dúdú mọ́ ẹ̀gbẹ́ iná gbígbóná ṣájà kan nígbà tí sìkóòpù wà lára kọ̀ǹpútà. Mo wà ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́ ìró náà bí ìbọn, nígbà tí mo fi máa wọlé ojú ọ̀nà bàbà orí bọ́ọ̀dù ti fò, ọmọ náà sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọlọ́run ló yọ ọ́, awọ ìka méjì nìkan ló jó.

Bátìrì inú sìkóòpù náà ni kí o máa fi ṣiṣẹ́, yọ okùn USB kúrò pátápátá. Bí o bá fẹ́ rí bí ìgbì tó ń jáde lára ìnfátà ṣe rí, fi tiransifọ́mà 12 fóòtì rẹ yẹn sí ẹnu rẹ̀, kí o sì yẹ ẹ̀gbẹ́ 12 wò. Ìgbì onígun ìnfátà olówó pọ́ọ́kú yóò fara hàn dáadáa tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiransifọ́mà yóò pa etí rẹ̀ díẹ̀. Bó bá sì jẹ́ àìsàn ni ò ń wá, ibi tí iná kò ti ju 12 lọ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, lára áísì tó ń darí rẹ̀. Bó bá jẹ́ SG3524, ẹsẹ̀ 7 ni wàá ti rí ìgbì bí eyín ayùn, ẹsẹ̀ 11 àti 14 ni àwọn tó ń lọ sí MOSFET, àwọn tiransísítọ̀ tó ń tan iná tó sì ń pa á fún tiransifọ́mà. Iye Hz tó wà ní ẹsẹ̀ 7 gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹsẹ̀ 11, nítorí ẹsẹ̀ 11 àti 14 ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn ni.

Alátùnṣe Arákálé (Àkúrẹ́):

Ọ̀gá, mo gbọ́, mo sì ti yọ okùn USB.

Ìnfátà kan ti wà lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, SG3524 ló wà nínú rẹ̀. Ó ń hó, tiransifọ́mà rẹ̀ ń gbóná kódà tí kò bá gbé nǹkan kan, mo sì ti pààrọ̀ MOSFET rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mítà ka 215 ní ẹnu rẹ̀, nítorí náà n kò rí ẹ̀bi kankan. Ní àárọ̀ òní mo gbé kíláàpù dúdú sí ẹsẹ̀ 8, mo sì fi ẹnu póróòbù kan ẹsẹ̀ 7. Mo bẹ̀rẹ̀ láti àkókò tó kúrú jù lọ bí Olùkọ́ ṣe wí, mo ń fà á gùn díẹ̀díẹ̀ títí eyín ayùn fi yọ. Eyín kan gba 11.6 ms. Ìyẹn jẹ́ 86 Hz, nítorí náà ẹsẹ̀ 11 àti 14 ń ṣe 43 Hz. Mo kan àwọn náà wò, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Wọ́n ṣe tiransifọ́mà náà fún 50 Hz, iná sì ń pẹ́ jù lórí rẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan kí ó tó yí padà, irin inú rẹ̀ ń kún, òun ló fi ń hó tó sì ń jẹ MOSFET.

Rẹsísítọ̀ tó ṣeé yí wà ní ẹsẹ̀ 6. Mo fi súkúrúdíráfà kékeré yí i, mo ń wo ojú sìkóòpù títí eyín ayùn fi di 10 ms, ẹsẹ̀ 11 di 20 ms, ẹsẹ̀ 14 náà di 20 ms. Híhó rẹ̀ rọlẹ̀ bí mo ṣe ń yí i lọ. Ó ti ń gbé gílóòbù 100 wáàtì fún wákàtí méjì báyìí, ọwọ́ mi wà lórí tiransifọ́mà náà bí mo ṣe ń kọ èyí, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.